Àǹtí Mi Sá Antibody Sóòrùn

Mo ti ń pín ẹrù ara mi lọ́kàn o: ta ni yóò gba fáànù, ta ni yóò gba sítóófù.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni mo fi dán antibody tuntun kan wò ní láàbù wa (antibody ni èròjà tó máa ń wá nǹkan kan ṣoṣo kiri, tó sì máa ń dì mọ́ ọn), torí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kí n gún òun lábẹ́rẹ́ mọ́. Àwọ̀ FITC ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. CD59, purotéènì kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ló ń wá kiri lára wọn. Tó bá ti dì mọ́ ọn, tí a sì tan iná búlúù sí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ńṣe ló yẹ kó máa tàn yòò ní àwọ̀ ewé. Mo tanná. Òkùnkùn biribiri. Mo fi antibody ti CD55, ìkejì CD59 nínú iṣẹ́ ààbò yẹn, sí i. Òkùnkùn náà ni.

Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, PNH, àrùn ẹ̀jẹ̀ kan tó lè pani, ló ń ṣe é. Complement, àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa pa kòkòrò àrùn, á yíjú sí sẹ́ẹ̀lì onílé, á máa dáhò sí i lára, ìtọ̀ òwúrọ̀ á sì dúdú. Èmi tí mo kàwé dé masters, inú ife gíláàsì ni mo tọ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e sójú fèrèsé, mo dijú kan. Ó mọ́ rekete. Mo ní, "Ó ń fara pa mọ́ ni."

Ọ̀gá mi ní kí n lo ẹ̀jẹ̀ tòun. Dúdú. Ti ìyá tó ń gbálẹ̀, dúdú. Àrùn tí kì í wọ́pọ̀ rárá ti kó gbogbo ilé! Ọ̀gá bá wò mí: "Níbo lo gbé nǹkan yìí sùn?"

Ẹ ṣáà mọ iná wa. Ilé Àǹtí mi ní Ìjàpọ̀ ni mo gbé antibody méjèèjì lọ, torí sólà wọn. Mo fi fọ́ìlì wé wọn pọ̀, mo ní kó wà nínú fíríìjì, kó má rí ìmọ́lẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń pa àwọ̀ FITC yẹn. Mo pè wọ́n.

"Àà, mo bá ọ tọ́jú ẹ̀ o! Omi wà lára fọ́ìlì yẹn, mo bá tú u, mo sá a pẹ̀lú èlùbọ́ mi. Ó gbẹ táútáú!"

Irú antibody tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Köhler àti Milstein, wá ọ̀nà àtiṣe ní láàbù ní Cambridge lọ́dún 1975, tó gbé Nobel lé wọn lọ́wọ́ ní 1984, ló wà lórí àtẹ èlùbọ́ nínú oòrùn Àkúrẹ́, tí adìẹ ń yọjú wò.

Mo lọ ṣàlàyé. Mo ní complement dà bí ọdẹ àdúgbò, CD55 àti CD59 sì ni káàdì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ pé ọmọ ilé lòun. Àṣìṣe ńlá! Àǹtí fò dìde: "Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn ni wọ́n ṣe dá Bọ̀dá rẹ kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ara ẹ̀! Owó ọdẹ tí à ń san lóṣooṣù ńkọ́?" Wọ́n bú ọdẹ, wọ́n bú alága lándílọ́ọ̀dù, wọ́n bú ẹni tó ra fìlà fún wọn. Ọ̀rọ̀ antibody mi ti wọmi.

Ní báyìí, bí Bọ̀dá bá ń jáde lálẹ́, Àǹtí á kígbe tẹ̀ lé wọn: "Ṣé ẹ mú CD59 yín dání?"

Bọ̀dá rò pé ìwé ọkọ̀ ni. Wọ́n ní ó wà nínú mọ́tò.