Àlọ́ Tí Kò Ní Ẹlẹ́gbè

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni gbogbo àlọ́ tí mo kọ́kọ́ ká sórí fóònù lẹ́nu Ìyá wa ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àwọn gan-an tí àlọ́ wọn máa ń lé oorun lójú wa ní kékeré. Mo wá láti Ìbàdàn, mo ti fi fóònù gba iná títí ó fi kún, mo ní n ó kó àlọ́ wọn pamọ́ fún àwọn ọmọ mi kí ọjọ́ tó lọ. Ọ̀sán gangan ni mo gbé fóònù lé orí àpótí níwájú wọn, tí mo ní kí wọ́n pa ti Ìjàpá àti babaláwo fún mi.

Wọ́n wo oòrùn. "Àbẹ̀kẹ́, ta ní ń pàlọ́ lọ́sàn-án?"

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá sọ ọ́ bí ẹni ń jíṣẹ́: Yánníbo ò rọ́mọ bí, Ìjàpá lọ gba àsèjẹ fún un lọ́wọ́ babaláwo, babaláwo ní kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ wú, ó padà lọ bẹ̀bẹ̀. Ó tán. Mo ní, orin ńkọ́? Wọ́n ní, "Ta ni yóò gbè é?" Mo ní èmi ni. Mo gbè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, ojú mi ò sì kúrò lára fóònù. Nígbà tí mo fi í gbọ́ àwọn ọmọ nílé, èyí àbúrò bi mí pé ṣé ó ti tán ni.

Ìgbà Iléyá la tún jọ padà lọ. A ti jẹun alẹ́, iná ti lọ, àwọn ọmọ ilé kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlọ́ apamọ̀ ni Ìyá fi bẹ̀rẹ̀: "Òrúkú tindí tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Àwọn ọmọ ilé ké pé ẹ̀wà ni! Tèmi ní, kí ni tìróò? Ìyá ò ṣàlàyé. Wọ́n rán ọmọ kan lọ bu ẹ̀wà ní ìdáná, wọ́n ní kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọmọ mi gbé hóró kan sókè sójú iná, ó rí dúdú rogodo tó wà lójú rẹ̀, ló bá pariwo. Ẹnì kan sáré lọ gbé ìgò tìróò ìyá rẹ̀ wá. Àlọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o, a ti lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí rẹ̀.

"Àlọ́ o!" "Àlọ̀!" Ìjàpá kan náà, babaláwo kan náà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bí Ìyá bá ti dá orin, nǹkan bí ọmọ mẹ́tàlá ló ń gbè é pé "Alugbinrin". Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni Ìyá bá tún ikùn Ìjàpá wú, wọ́n fọwọ́ méjèèjì yí i po lójú afẹ́fẹ́. Ikùn tó wú lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wú lálẹ́ ọjọ́ yìí. Àtìgbà náà ni àwọn ọmọ mi ti ń pe ikùn bàbá wọn ní gbẹ̀ǹdu. Kò pa á lẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àgbà nílé, ẹ má dá nìkan lọ bá wọn. Ẹ kó ọmọdé lọ, kó jẹ́ alẹ́, kí ẹ sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ègbè orin kí ẹ tó dé ọ̀hún. Ẹ gbé fóònù sí kọ̀rọ̀. Ohun tí mo tún fẹ́ bẹ̀ yín ni pé, bí àlọ́ bá parí, ẹ má bi ọmọ pé kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Àṣà kíláàsì nìyẹn, ara mi ò sì gbà á. Ta ni kò mọ̀ pé Ìjàpá ń ṣe wọ̀bìà? Bó ṣe ń forin parọ́ gan-an ni ọmọ ń gbádùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má sọ pé ó ti bọ́. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ò gbé ìwé àlọ́ kankan dání. Síbẹ̀, nígbà tí Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ọmọ Kúbà, tẹ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Kúbà jáde, ní Paris ní 1936 lédè Faransé, ní Havana ní 1940 lédè Sípáníìṣì, ahun wà nínú rẹ̀. Jicotea ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹ̀tàn rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti ọkọ Yánníbo. Lójú tèmi, orin tí èrò ń gbè ló gbé e kọjá òkun.

Èyí tí mo ká lọ́jọ́ Iléyá lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Igbe ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń han, ẹnì kan ń wúkọ́ ṣáá. Òun ni àwọn ọmọ máa ń ní kí n fi sí i, tí wọ́n á sì máa dá fóònù lóhùn pé "Àlọ̀!" Ti àkọ́kọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. N ò lè pa á rẹ́, ohùn Ìyá ṣáà ni.