Ọjọ́ márùn-ún ni mo ní, ìṣẹ́jú kan ni mo lò

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, fóònù mi dún lórí tábìlì, ìyàwó mi ló sì kọ́kọ́ gbé e. "Bàbá Ìbejì, báǹkì wo ló ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín láago mọ́kànlá alẹ́?" Mo gbà á wò. 8284 ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn.

Kì í ṣe báǹkì. Àna mi ní Ẹ̀gbẹ̀ ni, ọkọ àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ogun ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún ló sún síwájú nílé méjì.

Ṣẹ́ẹ̀sì la ń ta, èmi ní Kàbà, òun lọ́hùn-ún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò ṣeé fọkàn tán, la bá mú ọ̀nà àwọn tó ń fi káàdì ìfìwéránṣẹ́ ta á láyé àtijọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan (ilé náà ni mo ń pè é, bíi tọpọ́n ayò) ní nọ́ńbà méjì: ti àkọ́kọ́ ni kíkà láti òsì sí ọ̀tún, ti èkejì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, níhà ẹni tó mú funfun. Ibi tí o ti gbéra, ibi tí o dé, ó parí. Ará Rọ́ṣíà àti ọmọ Òkun bíi tiwa á gbọ́ ara wọn yé. Ẹgbẹ́ ICCF, ti àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, máa ń fún èèyàn ní 50 ọjọ́ fún ìgbésẹ̀ 10. Àwa náà ní ọjọ́ márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà láàyè lọ́dọ̀ tiwọn, àwa ò gbà á. Ìwé nìkan.

Dúdú ni mo mú. Kí 8284 tó dé, báyìí la ti ta á, tirẹ̀ ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e: 5254, 3736. 4244, 4745. 5455, 3865. Caro-Kann ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ yìí, orúkọ Horatio Caro àti Marcus Kann tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní 1886. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ju bíṣọ́ọ̀bù kan lọ, èyí tó máa ń rìn láti igun ilé sí igun ilé. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ti Faransé, dúdú á kọ́kọ́ fi ọmọ ogun dí 56, bíṣọ́ọ̀bù á wá há sẹ́yìn bí adìẹ abẹ́ agbọ̀n. Nínú Caro-Kann, bíṣọ́ọ̀bù á jáde ná, kí n tó fi 5756 ti ilẹ̀kùn. Mo ti ṣe é títí tó fi di pé ọwọ́ mi ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Àkókò kajú sì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí òṣùwọ̀n, àpò ń wọlé láti Ìyàrá, bàbá kan ń bá mi jiyàn pé kajú òun ti gbẹ. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ń mì ín sí mi létí kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo fi àtàǹpàkò tẹ 5756, mo fi ránṣẹ́, mo padà sídìí àríyànjiyàn wa.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ kajú. 7274."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó to pátákó sórí bẹ́ǹṣì, ara mi sì tutù. Ọmọ ogun rẹ̀ dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù mi ní 65. Mo sá lọ sí 54, ó fi 6263 lé mi. Mo sá wá sí 76, ó fi 8485 dé e mọ́lẹ̀. Ọmọ ogun tèmi ló dí 67 àti 87 lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà ilé sì ni mo fọwọ́ ara mi tì. Bíṣọ́ọ̀bù mi jẹ ọmọ ogun kan ní 32, olorì àna mi jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ kí mi nígbà ìgbéyàwó o! A ta á títí di oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti parí.

Ohun tí 8284 ń béèrè ni pé, ṣé bíṣọ́ọ̀bù tó jáde yìí ní ọ̀nà àtipadà? Ní 1961, nígbà tí Tal gbé e fún Botvinnik nínú ìdíje adé àgbáyé, 8786 ni Botvinnik fi dá a lóhùn. Bí 7274 bá dé, bíṣọ́ọ̀bù á padà sí 47, torí ilẹ̀kùn ṣì ṣí. Ìdáhùn kejì ni 8785, tó ń mú kí 7274 nira fún un. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tú 75 sílẹ̀: kò ní sí ọmọ ogun tèmi ní 86 tó máa lé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo ní kó tún mú funfun, ó sì tún gbé 8284 kalẹ̀, láìtijú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó kí n tó fi 8785 ránṣẹ́. Alẹ́ àná, 3175 dé. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti jókòó sí 75 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe kúrò ní 31, ọmọ ogun rẹ̀ tó wà ní 22 kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́. Olorì mi lè dé 26 kó máa wò ó. Mo ti tẹ 4826 sójú fóònù, n kò tíì fi ránṣẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi ní, "ẹ ò tíì fún báǹkì yẹn lésì?"