Steve Redgrave: Atukọ̀ Tó Di Olùdarí Àwọn Atukọ̀

Ní ìlú Ìbàdàn níbí, bí àríyànjiyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó yẹ kó jẹ́ kóòṣì Shooting Stars, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù gbayì nígbà èwe rẹ̀ nìkan ló lè kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn tó di èrò yìí mú ṣinṣin. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn, ìtàn Steve Redgrave, atukọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo sì máa ń fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Kì í ṣe irú ọkọ̀ tí àwọn apẹja ń tù lórí omi Ẹlẹ́yẹlé ni mò ń sọ o. Apẹja a máa kọjú síbi tó ń lọ, àjẹ̀ kúkúrú á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ìdíje tẹ́ẹ́rẹ́, àjẹ̀ rẹ̀ gùn, wọ́n sì gbé e lé irin tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìjókòó rẹ̀ ń yí lọ yí bọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ àti itan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe apá bí a ti lè rò. Atukọ̀ a sì kẹ́yìn síbi tó ń lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin 2,000 mítà.

Ọdún 1962 ni wọ́n bí Redgrave ní Marlow, ìlú kan létí odò Thames. Ìwé kíkà nira fún un nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gba omi. Ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Los Angeles lọ́dún 1984, ó tún gbà á ní Seoul lọ́dún 1988 pẹ̀lú Andy Holmes, kí òun àti Matthew Pinsent tó jọ gbà á ní Barcelona àti Atlanta. Ní Atlanta, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá tún rí òun nítòsí ọkọ̀ yìnbọn fún òun. Kò pẹ́ tó fi padà sórí omi.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyí. Lọ́dún 1997, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àtọ̀gbẹ ni. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún alátọ̀gbẹ níbí: dín oúnjẹ kù, rọra máa ṣe. Báwo ni ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹun bí àgbẹ̀ tó ń kọbè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò ṣe dín oúnjẹ kù? Ńṣe ló kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ ínsúlínì tẹ̀ lé oúnjẹ, tó ń gún ìka wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì ń tukọ̀ lọ. Ní Sydney lọ́dún 2000, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 38, òun, Pinsent, James Cracknell àti Tim Foster fi ìṣẹ́jú àáyá 0.38 péré ṣáájú àwọn ará Ítálì. Góòlù karùn-ún nìyẹn, ní Òlíḿpíìkì márùn-ún léraléra.

Ṣùgbọ́n ta ni kóòṣì wọn? Jürgen Gröbler ni, ará Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kò ti inú ọkọ̀ wá rárá, bí kò ṣe láti orí ìmọ̀ nípa ara eléré ìdárayá. Nígbà tí Foster farapa, Ed Coode ló rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ náà sì borí nínú ìdíje àgbáyé lọ́dún 1999. Síbẹ̀, Foster ni Gröbler dá padà síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí Sydney. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ le, agbára àjẹ̀ kò sì kọ́ ènìyàn ní i.

Lọ́dún 2018 ló wá kan Redgrave fúnra rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ Ṣáínà ní kó wá darí àwọn atukọ̀ wọn. Lójú tèmi, ewu ńlá ló wà fún akọni tó bá di olùkọ́: ó lè fi ara tirẹ̀ wọn gbogbo ènìyàn, kó máa bínú sí ẹni tí kò lè fara da ohun tí òun fara dà. Iṣẹ́ olùdarí sì yàtọ̀, pàápàá lórílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kóòṣì ni yóò máa bá ṣiṣẹ́, tí yóò máa wo ẹni tó bá ẹni mu nínú ọkọ̀ kan.

Ní Tokyo, ní oṣù Keje ọdún 2021, àwọn obìnrin Ṣáínà mẹ́rin tí oníkálùkù wọn ń tu àjẹ̀ méjì gba góòlù, wọ́n sì fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ṣáájú àwọn ará Pólándì. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Akọni ló kọ́ wọn.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá kọ́ akọni?” Wọn kò tíì dá mi lóhùn, wọ́n kàn yí ọ̀rọ̀ padà sórí Shooting Stars.