Gígé ẹ̀ka ńlá láì bó igi léèpo

Ẹ̀ka tó nípọn ju apá lọ kì í ṣe ohun tí à ń gé láti òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ayùn tó gé e tán, ìwúwo rẹ̀ á fà á já, á sì ya èèpo ìtì igi lọ sísàlẹ̀.

Abẹ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìtì. Ẹ gé e dé ìdá kan nínú mẹ́ta; bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ka á jókòó lé ayùn. Ẹ wá gé e láti òkè, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sápá òde. Á já.

Kùkùté tó kù ló gba sùúrù. Ẹ wo ibi tó wú díẹ̀ níbi tí ẹ̀ka ti yọ lára ìtì, kẹ́ ẹ gé e létí ibẹ̀ gan-an, ẹ má gé wọ inú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èèpo tuntun ti ń hù bo ọgbẹ́. Ọ̀dà táwọn kan ń kùn sí i? Ìnáwó lásán.

Bí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì bá ń da ìyẹ̀fun dípò ẹ̀rún igi, eyín rẹ̀ ti kú. Bó bá sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín ẹ̀gbẹ́ kejì ni kẹ́ ẹ pọ́n.