Ẹ ṣọ́ ẹni tí ẹ ń fún ní /trust: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìjà ẹgbẹ́ lórí Minecraft

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti rí ìlú tuntun tí ẹ ń kọ́ nínú géèmù Minecraft. Ó dára, mi ò ní purọ́. Odi yín ga, ilé ìṣọ́ yín dúró dáadáa, ẹ sì ti ń fi ẹgbẹ́ tó wà ní òdìkejì odò ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ mo tún rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá ti bá yín gbẹ́ òkúta fún ọjọ́ méjì, /trust, àṣẹ tó ń jẹ́ kéèyàn lè kọ́ nǹkan kó sì wó o lórí ilẹ̀ yín, lẹ fi ń dá a lọ́lá. Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí mo ti rí ibi tí irú ẹ̀ ń já sí.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wa dáyámọ́ńdì tàbí bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́bìrì wúrà sàmì sí ilẹ̀ kí ẹlòmíràn má lè fọwọ́ kàn án. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun márùn-ún ni mo fẹ́ sọ nípa ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, màá sì gbìyànjú kó má gùn.

Àkọ́kọ́, ẹ yé gbé fọ́tò tí F3 wà lójú ẹ̀ síta. Nọ́ńbà X, Y àti Z tí bọ́tìnnì F3 ń gbé jáde ni àdírẹ́sì ilé yín. Ẹni tó bá ti rí i, Nether, ayé kejì inú géèmù tó kún fún iná, ló máa gbà wá, torí búlọ́ọ̀kù 1 téèyàn bá rìn níbẹ̀, 8 ló jẹ́ ní ayé tí ẹ kọ́lé sí. Ẹ má sì rò pé ẹ ti bọ́ tí ẹ bá ti fi ọ̀dà dúdú pa nọ́ńbà náà rẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí bedrock, òkúta ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣe tò nínú fọ́tò nìkan ni wọ́n máa fi wá yín rí, tí wọ́n bá ti mọ seed ayé náà, ìyẹn nọ́ńbà tí géèmù fi dá a.

Ìkejì, ẹ má jà nítorí villager, àwọn ará abúlé tí géèmù fúnra ẹ̀ ń darí. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Villager kan ló bẹ̀rẹ̀ tiwa.

Ẹgbẹ́ méjì ló lágbára lórí server (ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣeré nínú ẹ̀) tí tiwa ti ṣẹlẹ̀. Àwa wà létí òkun, àwọn yẹn wà lórí òkè. Kò sí ìjà láàárín wa nígbà yẹn, a tiẹ̀ máa ń fi irin gba igi lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wa wá jókòó ti villager olùtọ́jú ìwé kan ní ọjà wa lẹ́yìn odi. Ó fọ́ lectern rẹ̀, tábìlì ìwé tó fi ń ṣiṣẹ́, ó tún un gbé kalẹ̀, ó tún fọ́ ọ, ó tún un gbé kalẹ̀, títí villager yẹn fi gbé ìwé Mending, tó ń tún irinṣẹ́ tó ti gbó ṣe, jáde. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé ó lè múni sunkún. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, a ò rí villager mọ́. Wọ́n ti tì í sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti wà á lọ. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní ilẹ̀ tó dúró sí kò ní àmì, pé ohun tó bá wà nínú igbó kò lólówó. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ náà kò ní àmì. Ìyẹn gan-an ló bí wa nínú.

Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di ta ló tó ta. Wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ kan tó ga dé ìpele 320, ibi tí ẹ̀dà Minecraft 1.18 sún òpin gíga ilé sí ní 2021. Àwa náà to búlọ́ọ̀kù irin 164 sábẹ́ beacon tiwa, iná tó ń tàn lọ sójú ọ̀run, ingot irin 9 ló sì ń di búlọ́ọ̀kù kan, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. A kọ́ afárá. Mi ò ní tàn yín, ìgbà yẹn la kọ́lé jù lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ má bá ẹgbẹ́ mìíràn díje rárá, kò mọ adùn géèmù yìí.

Ilé tó dáa jù nínú gbogbo ohun tí a kọ́ ni ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun. Ọmọ kan ló dá a kọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, quartz funfun àti terracotta pupa ní ìpele ìpele, pẹ̀lú redstone, iná mànàmáná inú géèmù, tó ń mú kí iná orí rẹ̀ máa tàn, kó máa kú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó parí, olórí wa gbé pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè gàdàgbà, ó wá kọ “àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́” sísàlẹ̀. Ọmọ náà kò bínú lójú wa. Ó kàn tẹ “ó dáa” sínú chat. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti dín kù láàárín wa.

Èmi ni mò ń mójú tó àpótí ẹgbẹ́. Mo sọ fún olórí, mo tún un sọ, pé kí a yé fún gbogbo èèyàn ní /trust. Pé /containertrust tó fún ẹni tó ń kó nǹkan sínú àpótí, /accesstrust sì tó fún ẹni tó kàn fẹ́ tẹ bọ́tìnnì tàbí kó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní mò ń ṣe bí ọlọ́pàá. Ó ní ọmọ ilé ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi lódindi, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ń ka èyí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lórí server tó ń lo GriefPrevention, ètò tó ń ṣọ́ ilẹ̀ tí a sàmì sí, TNT, ohun abúgbàù inú géèmù, kì í ba ilẹ̀ tó ní àmì jẹ́. Ó lè bú níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní fọ́ nǹkan kan, àyàfi bí ẹni tó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ náà bá tẹ /claimexplosions, àṣẹ tó ń gba ìbúgbàù láyè níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà tí à ń lò nígbà náà, ẹnikẹ́ni tí a bá ti fún ní /trust lè tẹ̀ ẹ́. Odi wa, obsidian, òkúta dúdú líle, ni látòkè délẹ̀, TNT ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Torí náà, ẹ má pa òwe ògiri àti aláǹgbá fún mi. Ògiri wa ò lanu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹnì kan tẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, odi obsidian yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dúró digbí, kò ní àpá kankan lára, ó sì yí ihò ńlá ká. Ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ni inú ìlú dà, omi òkun ti ń ṣàn wọ̀ wọ́n. Gbogbo àpótí mi ti fọ́, ohun inú wọn ti tú sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ohun tó bá tú sílẹ̀, ìṣẹ́jú 5 péré ló ní kó tó parẹ́. Ohun tí kálukú kó sínú ender chest, àpótí tí ohun inú ẹ̀ kì í tú sílẹ̀, nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìpìlẹ̀ èbúté wà nísàlẹ̀ omi láìfarapa, nítorí TNT tó bá bú nínú omi kì í fọ́ búlọ́ọ̀kù.

Ilé ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí ihò kan lágbègbè rẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan ni mi ò rí.

Pátákó yẹn ti sọ ẹni tó ṣe é fún mi. Àti pé ẹ̀tù 5 àti iyanrìn 4 ló ń di TNT 1. Mo ti ka ẹ̀tù wa ní alẹ́ tó ṣáájú, kò tó ohun tó lè gbẹ́ ìdajì ihò yẹn. Àwọn ará òkè ló ní ilé tí wọ́n ti ń pa creeper kó ẹ̀tù. Ọ̀tá ló pèsè ohun ìjà, ọmọ ilé ló fi jà.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. CoreProtect wà lórí server náà. Ó ń kọ orúkọ ẹni tó bá gbé búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè dá odindi ìlú padà bó ṣe wà, bí alábòójútó bá tẹ /co rollback. Òfin àkọ́kọ́ lórí server náà sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ba ilé ẹlòmíràn jẹ́. Tó bá jẹ́ server 2b2t ni, tó ti wà láti 2010 láìsí òfin irú ìyẹn, mi ò ní ráhùn. Ẹni tó bá lọ kọ́lé síbẹ̀ mọ ohun tó lọ kó. Àmọ́ níbi tí òfin wà, a ké sí ẹni tó ni server. Ó dá wa lóhùn jẹ́jẹ́. Ó ní ká jẹ́ kí òun gbọ́ tẹnu ẹgbẹ́ méjèèjì. Ó ní ká fún òun ní ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ méjì yẹn ni kí ẹ mú lọ́wọ́ nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi /co purge pa àkọsílẹ̀ CoreProtect rẹ́ láti console, ibi tí ẹni tó ni server ti ń tẹ àṣẹ, ètò náà kì í jẹ́ kí wọ́n pa èyí tí kò tíì pé wákàtí 24 rẹ́. Ẹni tó ni server ní láti dúró. Nígbà tí ọjọ́ méjì pé, ó padà wá, ó ní òun ti wo inú rẹ̀, òun ò rí nǹkan kan, kí kálukú máa fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó lọ wo ilé ìṣọ́ 320 yẹn: orúkọ ẹni tó ni server wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Rẹfirí tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ni wọ́n fi ṣe adájọ́ wa.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa wá ní láti rí ẹni dá lẹ́bi. Ọmọ tuntun kan wà tó ṣeré pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni wọ́n mú. Mo ní kò ní /trust, pé èmi ni mo fún un ní /containertrust, pé kò lè gbé búlọ́ọ̀kù kan kalẹ̀ nínú ìlú ká má tíì sọ TNT. Wọ́n ní mò ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò lórí Discord, wọ́n bú u débi pé kò tún bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn, ẹgbẹ́ sì tú ká.

Nígbà tó yá, ẹni tó ni server bá igbákejì rẹ̀ jà, igbákejì náà sì fi fọ́tò fáìlì kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó ni server rántí CoreProtect. Kò rántí folder logs. Server máa ń kọ gbogbo àṣẹ tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ síbẹ̀, ó sì máa ń fi fáìlì àtijọ́ pamọ́ pẹ̀lú déètì lára. Orúkọ ọmọ tó kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, “issued server command: /claimexplosions” sì tẹ̀ lé e. Mo fi ránṣẹ́ sí olórí wa àtijọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá. Kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n lé títí di òní.

Ẹ ò rí i pé mo ti gbàgbé ìkẹta sí ìkarùn-ún. Kò burú. Ẹ gbọ́ èyí dípò wọn.

Kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan kalẹ̀ lórí server èyíkéyìí, ẹ bi ẹni tó ni ín: ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́ kan? Àwọn wo ló lè wọ console? Ìgbà wo ló ń ṣe backup, ẹ̀dà ayé náà tí wọ́n ń fi pamọ́? Bí ó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ wá ibòmíràn lọ. Bí ẹ bá fura pé wọ́n bà yín nílé jẹ́, ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, kì í ṣe lọ́la. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé ayé gbogbo ló máa padà sẹ́yìn tí wọ́n bá lo backup. Irọ́ ni. Fáìlì .mca kọ̀ọ̀kan nínú folder region ń gba ilẹ̀ tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù 512 ní gígùn àti 512 ní fífẹ̀. Tí wọ́n bá pa server, wọ́n lè pààrọ̀ fáìlì tìlú yín nìkan, kí àwọn yòókù wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó ni server wa mọ èyí dáadáa.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́lé sára ilé tó kọ́. Mi ò sọ pé ohun tí ọmọ yẹn ṣe dáa. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì mọ̀ bóyá màá dárí jì í. Àmọ́ pátákó yẹn ò ná olórí wa ní nǹkan kan.

Ní ti ìlú yín, ẹ dúró láàárín rẹ̀ lónìí, kí ẹ tẹ /trustlist, kí ẹ sì ka orúkọ tó bá jáde. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ dáadáa, /untrust. Ẹni tó ń kó òkúta, /containertrust. Ẹni tó ń kọ́ ilé kan ṣoṣo, ẹ fi /subdivideclaims gé ilẹ̀ ilé náà sọ́tọ̀ fún un, kí /trust rẹ̀ má kọjá ibẹ̀. Kò lè gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ kan tán. Mo lè wá bá yín ṣe é lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ tí ẹ bá ti fún ẹnikẹ́ni ní op, àṣẹ alábòójútó, kí n tó dé, ẹ má wulẹ̀ pè mí.