Ìró Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Nínú Fáìlì MP3

Ní ọdún 2006, nígbà tí a ṣe ìsìnkú ìyá bàbá mi ní Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onídùndún lùlù láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń bá wọn rìn. Ẹni tí ó gba ohùn wọn sílẹ̀ fún wa ní síídì kan. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi fi ọ̀kan nínú àwọn orin náà ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ìyáàlù bí ó ti ń ki ìyá àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, ohun tí mo gbọ́ kò yàtọ̀ sí ìgbà tí omi bá ta sínú epo gbígbóná. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ṣì rántí bí owó ẹyọ yẹn ṣe ń lu ara akèrègbè.

Àbúrò mi ní òun ti tún fáìlì náà ṣe: ẹni kan ní Lágere ló bá òun sọ ọ́ di MP3, fáìlì ohùn tí a fún pọ̀, oníkílóbíìtì 128 (ìwọ̀n dátà tí ó ń ná lórí ìṣẹ́jú àáyá kan), òun sì ti sọ ọ́ di 320. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn ti ń bàjẹ́ sí i.

Síídì máa ń wọn ìró nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ná kílóbíìtì 1,411 lórí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Orin oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́rin yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 42 lórí síídì, ṣùgbọ́n MP3 oníkílóbíìtì 128 kò ní lò tó 4 fún un. Níbo ni ìyókù wọlé sí? Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ MP3 ní Erlangen, tí Karlheinz Brandenburg jẹ́ gbajúmọ̀ láàárín wọn, gbé e ka ìwà etí ọmọ ènìyàn: bí ìró ńlá bá dún, etí kì í gbọ́ ìró kékeré tí ó sún mọ́ ọn. Ohun tí etí kò ní gbọ́ ni wọ́n ń yọ dànù. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ bí kílóbíìtì bá kéré jù, ohun tí etí ń gbọ́ yóò bá èyí tí kò gbọ́ lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń jìyà rẹ̀, nítorí pé ìró rẹ̀ ga, ó fọ́nká, ìró kan kò sì jọ èkejì; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ MP3 oníkílóbíìtì 128 máa ń gé ìró tí ó bá ga ju Hertz 16,000 (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ kúrò pátápátá.

Nítorí náà, 320 àbúrò mi kò dá ohunkóhun padà. Ó kàn gba àyè sí i ni, a sì tún fi asẹ́ sẹ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kejì.

Omi ló dànù, agbè kò fọ́: síídì náà ṣì wà nínú àpótí màmá wa. Mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, mo sì lo Exact Audio Copy, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àdàkọ síídì, tí ó máa ń ka ibì kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó lè dá a lójú. Mo kọ́kọ́ fi pamọ́ sí FLAC, tí ó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù láìda ohunkóhun nù. Inú FLAC yìí nìkan ni mo ti ń ṣe MP3, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú LAME, ètò tí a fi ń ṣe MP3, ní ìwọ̀n tí ó ń pè ní V2. Èyí máa ń wà ní nǹkan bíi kílóbíìtì 190, ṣùgbọ́n kì í pín in dọ́gba: ibi tí ìlù bá ti le ló ti ń náwó sí i.

Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi dókúméǹtì, mo sì bẹ àbúrò mi pé kí ó fi ẹ́ápíìsì oníwáyà gbọ́ ọ, nítorí Bluetooth náà tún máa ń fún ohùn pọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹni méjì ló lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni?”

Ẹni méjì ni.