Àga Ọmọ Ni A Kọ́kọ́ Rà, Kí A Tó Wá Ọkọ̀ Tí Yóò Gbé E

Nígbà tí a fẹnu kò nílé wa pé ó tó àkókò láti ra ọkọ̀ kí ìyàwó mi tó bímọ, gbogbo ẹni tí a fọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní Abẹ́òkúta ló ní orúkọ ọkọ̀ kan lẹ́nu. Ẹnìkan ní Sienna ni kí a rà nítorí pé ó gba èrò, ó sì gba ẹrù. Ẹlòmíràn ní Corolla ni, nítorí pé kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀ láti Láfẹ́nwá dé Ọbáńtókò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì tẹnu mọ́ ọn pé bí ènìyàn bá ti fẹ́ di bàbá ọmọ, jíìpù ló yẹ ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ibi tí ọmọ yóò jókòó sí. Ibẹ̀ ni èmi ti bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ ra àga ọmọ, tí a wá ń gbé e kiri lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ kí a tó dá kọ́bọ̀ sílẹ̀ lórí ọkọ̀ kankan.

Ó ṣì wọ́pọ̀ láàrin wa kí ìyá gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀ ní ìjókòó iwájú, kí ó fi apá méjèèjì dì í mú, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé kò sí ohun tó lè já ọmọ gbà lọ́wọ́ òun. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, agbára ni kò sí. Bí ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà láàrin wákàtí kan bá forí sọ ọkọ̀ mìíràn, tó sì dúró gbagidi, ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì dúró. Eré tí wọ́n ń bá bọ̀ ni wọ́n ṣì ń bá lọ. Kí a tó ṣẹ́jú, ọmọ tí kò ju kìlógíráàmù 5 lọ ti ń fa apá ẹni tó gbé e bí ẹni pé ó ti di nǹkan bí kìlógíráàmù 100, èyí tí í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì méjì tí a jù lu ènìyàn lójijì. Bí ìyá náà kò bá de bẹ́líìtì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ ọmọ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù; bí ó bá sì fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ara rẹ̀ àti ọmọ ká, ọmọ ni yóò há sáàrin bẹ́líìtì àti ìyá rẹ̀. Ọmọ tí a pọ̀n jókòó sínú ọkọ̀ wà nínú irú ewu kan náà. Ìṣirò NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ni pé àga ọmọ ń dín ikú àwọn tí kò tíì pé ọdún kan nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kù ní ìdá 71 nínú 100.

Ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí iwájú ọkọ̀. Èyí ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù, wọ́n á ní kí ló dé tí a kò jẹ́ kí ọmọ máa wo ọ̀nà. Orí ọmọ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀, ọrùn tó gbé orí náà kò sì tíì gbó. Bí ọmọ bá kọjú síwájú nígbà ìjàm̀bá, okùn á di àyà rẹ̀ mú, orí á fò síwájú, ọrùn nìkan ni yóò sì gba gbogbo fífà náà. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn síwájú, àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Swídìn kan, Bertil Aldman, ló ronú kan èyí lẹ́yìn tó rí bí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú Amẹ́ríkà (astronaut) ṣe ń fi ẹ̀yìn gba agbára ọkọ̀ wọn, ọdún 1964 ni wọ́n sì dán àga àkọ́kọ́ irú rẹ̀ wò nínú ọkọ̀ Volvo. Ohun tí ó wúlò fún ọkùnrin alágbára tó ń lọ sí òfuurufú, n kò rí ìdí tí a ó fi fi dun ọmọ ọwọ́.

Èmi kò kọ tòkunbọ̀ fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo kọ̀ ọ́ fún àga. Àga tó bá ti wà nínú ìjàm̀bá kan kì í ṣe ohun tí a tún ń lò, nítorí pé ike rẹ̀ lè ti sán níbi tí ojú kò tó, ẹni tó sì ń ta á lọ́jà kò mọ ibi tó ti wá. Bí ó bá jẹ́ ti àbúrò ẹni tàbí ti ọ̀rẹ́ tí a mọ bí ó ṣe lò ó, ìyẹn yàtọ̀, kí a sáà yí ìdí rẹ̀ sókè kí a wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a pa á tì, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àga kì í fún un ju ọdún 6 sí 10 lọ. Kí a tún ṣọ́ra fún kárí-kọ́ọ̀tì oníke tó dà bí àga ọkọ̀ lójú, ṣùgbọ́n tí kò ní ojú ọ̀nà tí bẹ́líìtì yóò gbà kọjá. Àga gidi ní àmì lára. Èyí tó ti Yúróòpù wá ń gbé lẹ́tà E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, bíi 1 fún Jámánì. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń sọ lára rẹ̀ pé òun bá FMVSS 213, òfin ààbò àga ọmọ ti ibẹ̀, mu. Òfin tuntun ti Yúróòpù, R129, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, kò gbà kí ọmọ kọjú síwájú kí ó tó pé oṣù 15, gígùn ọmọ ló sì fi ń yan àga dípò ìwọ̀n rẹ̀.

Àga yìí ni a wá fi ń wọn ọkọ̀. Mo gbà pé ó ya àwọn tó ń ta ọkọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣí han ènìyàn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ó bú, wọ́n á ní kí a gbọ́ bí éésì ṣe ń tutù. Èmi sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, mo ń ti ọwọ́ bọ àárín ibi tí a ń fìdí lé àti ibi tí a ń fẹ̀yìn tì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni mò ń wá. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní àwọn irin wọ̀nyí ní ìjókòó ẹ̀yìn, kí ìkọ́ àga ọmọ lè há mọ́ wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nígboro ló ní wọn láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á mọ̀. Ìṣòro ni pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn láti fi awọ tuntun bo ìjókòó kí ọkọ̀ lè fani mọ́ra, ẹni tó bá sì rán awọ náà lè rán ojú irin pa. Nínú ọkọ̀ kan tí a wò, awọ pupa tó ń dán gbinrin bo gbogbo ẹ̀yìn, orí bẹ́líìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ohun tí kò sí. Ọkọ̀ náà dára lóde. A kò dúná-dúrà rárá.

Bí kò bá sí irin, bẹ́líìtì lásán tó láti de àga mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti mọ́délì 1996 ní ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀: bí a bá fa bẹ́líìtì èrò títí tí kò fi ṣẹ́kù síbì kan mọ́, tí a wá jẹ́ kí ó máa padà, yóò máa dún tá-tá-tá, kò sì ní í tú jáde mọ́ títí tí yóò fi ká padà tán. Bí ó ṣe ń padà ni kí a fi orúnkún tẹ àga mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a di àga mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí a mì í. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju nǹkan bí ínṣì kan lọ.

Ọ̀rọ̀ airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń fọ́n jáde láti gba èrò nígbà ìjàm̀bá, ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń dé sí Nàìjíríà jẹ́ èyí tó ti ní ìjàm̀bá ní òkè òkun, tí àwọn páńẹ́lì bítà wa tún ṣe. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Airbag tó ti fọ́n jáde, àwọn kan kì í fi òmíràn sí i, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n ń dí. Kí a ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ̀rọ ọkọ̀: iná airbag gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Èyí tó tàn tí kò kú ní àrùn. Èyí tí kò tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ iná rẹ̀ kí a má baà mọ̀. Kí a tún da nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kọ, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà mìíràn, àwòrán ọkọ̀ náà bí ó ṣe fọ́ ní Amẹ́ríkà ni yóò jáde. Ojú òpó NHTSA náà á sì sọ bí ọkọ̀ náà bá wà lára èyí tí wọ́n ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ mú padà wá nítorí airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, tó tó mílíọ̀nù 67 ní Amẹ́ríkà nìkan. Kẹ́míkà tó ń jó láti fẹ airbag wọ̀nyẹn máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin ọlọ́jọ́ pípẹ́, títí tí yóò fi lè fọ́n irin sí ènìyàn lára. Ooru àti ọ̀rinrin sì rèé, ibi tí à ń gbé gan-an ni. Àwọn Corolla, Accord àti Civic kan wà nínú wọn, wọ́n sì pọ̀ nígboro.

Ní ti jíìpù, n kò bá ẹ̀gbọ́n mi jà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gíga tètè ń dojú dé ju ọkọ̀ ilẹ̀ lọ bí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń di í mú nígbà tó bá fẹ́ yọ̀. Ẹ̀rọ yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà sọ di dandan láti mọ́délì 2012. Sienna fẹ̀, ó sì dùn ún gbé ọmọ wọ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó ìkẹyìn rẹ̀ sún mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn jù fún ìfẹ́ ọkàn mi. Camry 2012 ni a rà nígbẹ̀yìn, èyí tí irin rẹ̀ hàn, tí iná rẹ̀ tàn tó sì kú. Owó tí a ìbá fi ra ọkọ̀ ńlá ni a fi pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT lára táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Ẹ̀yìn ni àga ọmọ máa ń wà, láìsí àríyànjiyàn. Bí a bá gbé àga tó kọ ẹ̀yìn síwájú sí iwájú airbag tó ń ṣiṣẹ́, airbag fúnra rẹ̀ lè pa ọmọ. A fi tiwa sẹ́yìn ìjókòó èrò, kí ẹni tó ń gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, kì í ṣe sí ojú ọ̀nà ọ̀kadà. Àga yìí yẹ kí ó dagun tó nǹkan bí digíírì 45, kí orí ọmọ má baà ṣubú síwájú kí ó dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú ni a sì ti ń ṣètò rẹ̀, èyí tí kò rọrùn láti rí fún ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè Ìtòkú.

Màmá mi, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà ní Ìdí-Àbà, wọ́n dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Àkànní, ọmọ kékeré yìí ni ẹ ń dè mọ́lẹ̀ báyìí? Ẹ gbé e fún mi jàre."

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni ẹ máa jókòó sí, ọwọ́ yín á máa kàn án."

Wọ́n jókòó. Ṣọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ tún kàn, nítorí pé wọ́n ti wé ọmọ pátápátá. Aṣọ tó nípọn lábẹ́ okùn àga máa ń wọlé pẹlẹbẹ nígbà ìjàm̀bá, okùn á sì dẹ̀; nítorí náà, aṣọ fẹ́lẹ́ ni a ń wọ̀ fún un, a ó de okùn, a ó wá da ṣọ́ọ̀lù bò ó lókè. Okùn gbọ́dọ̀ jáde láti ibi èjìká ọmọ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí ìka méjì bá lè fún okùn náà pọ̀ léjìká, kò tíì le tó.

Lójú ọ̀nà Ṣágámù lọ sí Èkó, a máa ń yà, a máa ń gbé ọmọ kúrò nínú àga kí wákàtí méjì tó pé. Oòrùn ni mo bẹ̀rù ju ọ̀nà lọ. Ara ọmọ ń gbóná ní ìlọ́po 3 sí 5 ju bí ti àgbàlagbà ṣe ń yá gbóná, nítorí náà a kì í fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bó ṣe búrẹ́dì lásán ni a fẹ́ sọ̀kalẹ̀ rà. Bí ọkọ̀ bá wà lóòrùn, aṣọ funfun ni mo ń da bo àga, mo sì máa ń fọwọ́ kan irin orí okùn kí ó tó kan itan ọmọ.

Kìlógíráàmù 13 ni òpin àga wa, ṣùgbọ́n gígùn ni ọmọ sábà fi ń kúrò nínú irú rẹ̀, nígbà tí orí rẹ̀ bá ku nǹkan bí ínṣì kan kí ó kan etí àga. Àga kejì tí yóò tẹ̀ lé e tóbi jù ú lọ, òun náà yóò sì kọ ẹ̀yìn síwájú títí dé kìlógíráàmù 18. A ti wọn àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá jókòó síwájú yóò ní láti fa ìjókòó rẹ̀ síwájú díẹ̀, ìyàwó mi sì ti ní òun kò ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìyẹn fi lè ni òun lára.